Ọ̀pá Olómi: Ohun Tí A Bá Fẹ̀sọ̀ Mú Kì Í Bàjẹ́

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Bí òwe yìí bá bá irinṣẹ́ kan wí ní ìlú Houston lónìí, ọ̀pá olómi ni. Èyí ni ọ̀pá gígùn tí ó ṣófo nínú, tí omi ń gba inú rọ́bà rẹ̀ lọ sí ẹnu búrọ́ọ̀ṣì, tí a fi ń fọ fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìgun àkàbà. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi rò pé kò lágbára, wọn kò sì fẹ́ rà á. Ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn fi ń jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ bí igi ìdáná, tí wọ́n sì ń rà òmíràn lọ́dọọdún. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà.

Iṣẹ́ ìmọ́tótó kì í ṣe àjèjì fún àwa Yorùbá tí a wà ní Houston. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní 1986, tí owó ilé ẹ̀kọ́ kò lè wá láti ilé mọ́, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó fi gbígbá ọ́fíìsì lóru parí ìwé wọn. Lónìí, àwọn mìíràn nínú wa ni ilé iṣẹ́ ìmọ́tótó tiwọn. Àwọn tí kò sì ṣe é gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ń gbé inú ilé alájà méjì ní Missouri City, Sugar Land, Katy tàbí Pearland, níbi tí fèrèsé gíga wà lókè àtẹ̀gùn. Bí ìgbà ìrúwé bá dé, lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ ìyeyè láti ara ìtànná igi oak a bo gíláàsì. Bí ó bá kọjá, ọ̀rinrin ìlú yìí a hu èbu sí ẹ̀gbẹ́ ilé tí oòrùn kì í dé. Ẹni tí ó bá ní ilé kò ṣàì ní fèrèsé láti fọ̀.

Kí ọ̀pá yìí tó gbilẹ̀, àkàbà àti garawa ni gbogbo ayé ń lò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin iṣẹ́ ibi gíga ti 2005 sọ pé kí a yẹra fún iṣẹ́ lórí ibi gíga níbikíbi tí a bá ti lè yẹra fún un. Òfin yẹn wà lára ohun tí ó mú kí ọ̀pá olómi tàn kálẹ̀ níbẹ̀. Ìdí òfin náà kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tí ó bá já bọ́ láti orí àkàbà lè ṣẹ́ egungun ẹ̀yìn, ó sì lè kú. Ẹni tí ó dúró sórí koríko kò ní ibi tí yóò ti já.

Ohun tí a fi ṣe é

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Ti àlùmíníọ̀mù kò wọ́n, ó sì le, ṣùgbọ́n ó ń wúwo lọ́wọ́ bí ó bá ti ń ga. Ti fáíbàgíláàsì a máa tẹ̀ bí ọ̀pá ìpẹja. Ó dára fún ilé alájà méjì, kò sì gun ẹni lápò. Ti kábọ́ọ̀nù ni ó fúyẹ́ jù, òun náà ni ó wọ́n jù. Bí a bá gé àlùmíníọ̀mù àti kábọ́ọ̀nù sí ìwọ̀n kan náà gan-an, tí àlùmíníọ̀mù bá wọn gíráàmù 27, ti kábọ́ọ̀nù kì í ju nǹkan bíi gíráàmù 16 lọ. Ní ìgbẹ̀yìn ọjọ́ kan tí a ti na ọwọ́ sókè fún wákàtí mẹ́fà, èjìká ni yóò jẹ́rìí sí ìyàtọ̀ náà.

Kábọ́ọ̀nù kì í ṣe ohun ìyanu. Òun ni ó wà nínú èédú tí àwọn ìyá wa fi ń dáná. Ní 1880, Thomas Edison sun ọparun títí ó fi di èédú tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fi í ṣe okùn inú gílóòbù iná. Ní 1958, Roger Bacon, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Union Carbide ní ìpínlẹ̀ Ohio, ṣe okùn kábọ́ọ̀nù tí agbára rẹ̀ ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ní òde òní, a ó kó irú okùn bẹ́ẹ̀ jọ, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, a ó rẹ wọ́n sínú àtè líle kan, a ó sì fi ooru mú un gan.

Ẹ jẹ́ kí a di èyí mú, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ti wá. Okùn ni agbára, àtè ni ìrẹ́pọ̀. Bí àtè bá kú, okùn a tú ká bí ìgbálẹ̀ tí ìdè rẹ̀ já. Nítorí pé kábọ́ọ̀nù le, tín-ínrín ni wọ́n ń ṣe ara ọ̀pá náà. Ó lè gbé ẹrù ara rẹ̀ dé òkè láìtẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tàbí tí táyà ọkọ̀ gùn ún, yóò fọ́ bí ẹ̀yìn ìgbín. Fáíbàgíláàsì a máa kìlọ̀ nípa títẹ̀. Kábọ́ọ̀nù kì í kìlọ̀ pẹ́ kí ó tó ṣẹ́.

Ibi tí ọ̀pá ti ń kú

Kì í ṣe àárín ọ̀pá ni ikú rẹ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnu abala kọ̀ọ̀kan ni, níbi tí ìdìmú wà. Abala ọ̀pá máa ń wọ inú ara wọn. Bí yanrìn wẹ́wẹ́ bá kó sáàárín wọn, gbogbo ìgbà tí a bá nà án tàbí tí a ká a, yanrìn náà a máa ha àtè náà bí ẹni ń fá àgbọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọ̀pá kì yóò di ara rẹ̀ mú mọ́, yóò máa yọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ yóò fún ìdìmú le sí i, ìfúnpọ̀ náà yóò sì la ẹnu ọ̀pá. Yanrìn ni ó dá ẹ̀ṣẹ̀, ìdìmú ni a ń fìyà jẹ.

Ohun kejì ni jíjẹ́ kí abala já wálẹ̀ gbì nígbà tí a bá ń ká a. Èyí a máa fọ́ ẹnu abala ìsàlẹ̀, a sì tún máa gé ìka ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ kan máa tẹ̀ lé abala náà títí yóò fi jókòó.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́

Àgbẹ̀ kì í ti oko dé kí ó ju ọkọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀. Bákan náà ni kí a ṣe pẹ̀lú ọ̀pá yìí. Bí iṣẹ́ bá parí, kí a na gbogbo abala rẹ̀ lórí koríko, kì í ṣe lórí kọnkéré. Kí a da omi mímọ́ sí i lára, kí a fi àkísà tútù nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí a sì da omi inú rẹ̀ jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún èyí. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí a fa abala kọ̀ọ̀kan yọ pátápátá, kí a fi àkísà nu inú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín ọ̀pá yìí àti àdá. Àdá a máa fẹ́ òróró. Ọ̀pá olómi kò fẹ́ ẹ. Òróró àti gírísì a máa fa yanrìn mọ́ra, wọ́n a sì mú kí ìdìmú yọ̀. Omi lásán ni oúnjẹ rẹ̀.

Nígbà tí a bá ń nà án, abala tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lókè pátápátá ni kí a kọ́kọ́ yọ, kí a tó bọ̀ sí èyí tí ó nípọn. Bí a bá ń ká a, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Báyìí, ìdìmú tí a ń ṣí kò ní ga ju ọwọ́ wa lọ. Kí a má sì fa abala kọjá ìlà àmì tí wọ́n fi sí i, nítorí ibi tí ó kù díẹ̀ nínú ìkejì rẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́.

Lóṣooṣù, kí a fi owó wẹ́wẹ́ kan ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀ yí ká. Ibi tí ó dára a máa dún ketekete. Ibi tí àtè ti jẹ́ kí okùn ya nínú a máa dún bí igi jíjẹrà. Bí a bá gbọ́ ohùn yẹn, tàbí tí a rí ìlà funfun lára fáíbàgíláàsì, kí a pààrọ̀ abala náà. Àwọn tí ó ń ṣe ọ̀pá dáadáa a máa ta abala, ìdìmú àti síkúrù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí a bèèrè èyí kí a tó rà á. Àwọn àgbà ní ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán pa ibi tí ó ti fọ́, nítorí okùn kábọ́ọ̀nù a máa wọ inú ara bí ẹ̀gún. Bí a bá fẹ́ fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀, kí a fi omi rẹ ẹ́, kí a lo ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú.

Oòrùn, òtútù àti omi Houston

Oòrùn kì í pa okùn náà, àtè ni ó ń pa. Ọ̀pá tí a fi sílẹ̀ lórí ọkọ̀ láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án yóò pàdánù dídán rẹ̀, yóò sì máa yọ ìyẹ̀fun sí wa lọ́wọ́. Inú ọkọ̀ tí a tì pa nínú oòrùn ìlú yìí lè gbóná ju ìwọ̀n 120 Fahrenheit lọ. Àwọn oníṣẹ́ kan ń fi páìpù funfun àwọn oníṣẹ́ omi ṣe àpò fún un lórí ọkọ̀, ó sì dára fún ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, gáràjì ni ilé rẹ̀, lórí ìkọ́ mẹ́ta tí yóò gbé e láìjẹ́ kí ó tẹ̀.

Ìgbà òtútù náà ní ti rẹ̀. A kò tíì gbàgbé oṣù kejì 2021, nígbà tí yìnyín bẹ́ páìpù omi káàkiri Houston. Omi tí ó bá dì nínú asẹ́ àti nínú rọ́bà yóò ṣe wọ́n bí ó ti ṣe páìpù wọ̀nyẹn. Bí a bá gbọ́ pé òtútù ń bọ̀, kí a da omi inú wọn nù, kí a gbé wọn wọlé.

Ní ti omi fífọ̀, odò Trinity àti odò San Jacinto ni púpọ̀ nínú omi ẹ̀rọ Houston ti ń wá, ó sì ní àwọn iyọ̀ ilẹ̀ nínú. Bí ó bá gbẹ lára gíláàsì, a fi àmì funfun sílẹ̀ bí ẹfun. Nítorí náà ni a ṣe ń ti omi gba inú asẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, lẹ́yìn náà, a ó gbà á gba inú kóró wẹ́wẹ́ bí ẹyin ẹja, tí ó ń gba iyọ̀ tí ó kù. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ó ń ka iyọ̀ inú omi. Kí ó máa fi 0 hàn, tàbí ohun tí kò jìnnà sí i. Bí ó bá ń gòkè, kóró náà ti rẹ̀ nìyẹn. Asẹ́ èédú tí ó wà níwájú pàtàkì púpọ̀, nítorí oògùn tí ìjọba fi ń pa kòkòrò inú omi a máa ba asẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ náà jẹ́ bí èédú kò bá kọ́kọ́ gbà á.

Èyí tí kò ní àtúnṣe

Ọ̀pá tí ó ṣẹ́ ṣeé rà. Ohun kan wà tí kò ṣeé rà padà. Kábọ́ọ̀nù a máa gbé iná mànàmáná, gẹ́gẹ́ bí irin. Fáíbàgíláàsì tí omi ti rin náà kò ṣeé fi ọkàn tán. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò àtijọ́ ní Houston, ẹ̀yìnkùlé ni wáyà iná ń gbà kọjá, àwọn ewé igi a sì bò ó mọ́lẹ̀. Òfin ààbò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní kí irinṣẹ́ àti ènìyàn jìnnà sí wáyà ní ẹsẹ̀ bàtà 10 ó kéré tán, bí agbára iná rẹ̀ kò bá ju 50,000 fóòtì lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, kí a jìnnà sí i. Kí a tó na ọ̀pá, kí a kọ́kọ́ rìn yí ilé ká, kí a wo òkè. Nígbà tí ìjì Beryl jà ní July 8, 2024, ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí iná wọn kú ní agbègbè yìí ju mílíọ̀nù 2 lọ, wáyà sì wólẹ̀ káàkiri. Lẹ́yìn irú ìjì bẹ́ẹ̀, kí fèrèsé dúró. Bí a bá gbọ́ àrá, kí a ká ọ̀pá.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù nígbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn ọmọ fẹ́ pa owó díẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí a gba ọmọ ọdún 14 tàbí 15 sí iṣẹ́ tí ó ní àkàbà nínú. Òfin náà rọ̀ díẹ̀ fún òbí tí ń lo ọmọ tirẹ̀ nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà iná kì í bèèrè ẹni tí ó bí ọmọ. Bí ọmọ yín yóò bá mú ọ̀pá yìí, kí ó kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń wo òkè, kí ó tó kọ́ bí a ti ń fọ gíláàsì. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ́ bí a ti ń nu irinṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀kọ́ méjèèjì yóò wúlò fún un nínú iṣẹ́ yòówù tí ó bá yàn ní ọjọ́ iwájú.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa.