Ohun Tí Ó Mú Kí Ilẹ̀ Wa Máa Tètè Ṣá

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé iṣu ọdún kìíní nínú ẹgàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán a máa ta púpọ̀. Ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, ọkọ́ kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣu yóò ti kéré. Àwọn mìíràn a ní ilẹ̀ ń bínú. Ilẹ̀ kò bínú. Oúnjẹ inú rẹ̀ ni ó lọ.

Yanrìn kò lè di oúnjẹ irúgbìn mú. Amọ̀ ni ó ń dì í mú, ṣùgbọ́n ooru àti òjò ti jẹ àpáta ilẹ̀ wa láti ayébáyé, tí ó fi jẹ́ pé agbára amọ̀ tí ó ṣẹ́kù kò tó ti amọ̀ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olótùútù. Nítorí náà, ilẹ̀dú tí ewé jíjẹrà ń sọ di púpọ̀ ni ó ru ẹrù náà. Kò sì jìn: nínú ọ̀pọ̀ oko, kò ju íńṣì 6 lọ. Ẹni tí ó bá fi katakata ha á dànù ti gbé àká rẹ̀ sọnù.

Ilẹ̀ kò rí bákan náà níbi gbogbo. Nínú ìwé tí Smyth àti Montgomery kọ ní 1962 lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, wọ́n fi àpáta ìsàlẹ̀ pín ilẹ̀ sí oríṣiríṣi. Àpáta tí horo rẹ̀ kúnná ni ó bí èyí tí wọ́n pè ní Ẹgbẹ́dá. Amọ̀ rẹ̀ pọ̀, kòkó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ti Ìwó ní yanrìn jù ú lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ tiyín, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò, ẹ da omi sí i, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n. Yanrìn yóò rọ̀ sísàlẹ̀ lójú kan náà. Amọ̀ yóò da omi rú fún ìgbà pípẹ́.

Iná tí a fi ń sun oko ní èrè tirẹ̀, nítorí eérú a máa dín kíkan ilẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n náítírójìn a bá èéfín lọ, òjò a sì fọ eérú náà lọ. Ajílẹ̀ sulphate of ammonia a máa dá náítírójìn padà, àmọ́ bí a bá ń lò ó nìkan lọ́dọọdún, ilẹ̀ yóò túbọ̀ kan.

Ṣáájú 1940, wọ́n ti gbin ẹ̀wà mùkúnà ní Moor Plantation, Ìbàdàn, láti fi sọ ilẹ̀ jí. Àwọn àgbẹ̀ kò gbà á púpọ̀: ta ni yóò roko ohun tí kò ní jẹ? Ẹ̀wà tí à ń jẹ àti ẹ̀pà náà ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, bí kò tilẹ̀ pọ̀ tó ti mùkúnà. Lẹ́yìn ìkórè, kí a fi ewé àti gbòǹgbò wọn sílẹ̀ nínú oko, kí a má ṣe sun wọ́n.