Ìmọ́kedere àsìkò nínú àwòrán iṣẹ́ ọpọlọ

Ìmọ́kedere àsìkò ni agbára tí ẹ̀rọ tí ń ya iṣẹ́ ọpọlọ ní láti ya ìṣẹ̀lẹ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó tẹ̀ lé e. Láàárín ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Ẹ̀rọ tí kò bá yára tó bẹ́ẹ̀ yóò da ọ̀pọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ pọ̀.

fMRI, tí Seiji Ogawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1990, kì í wo sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn lọ síbi tí iṣẹ́ wà ni ó ń wò, èyí sì máa ń tó ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ó tó dé góńgó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó dúró ní Dùgbẹ̀, nílùú Ìbàdàn, tó ń wo odò Ògùnpa: òjò ti lè dá níhà Bódìjà kí omi tó kún níwájú rẹ̀. Ọgbọ́n yíya ọ̀pọ̀ ìpele ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà ti dín àkókò tí àwòrán odindi ọpọlọ ń gbà kù, láti nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí ohun tí kò tó ẹyọ kan. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n wíwo odò léraléra kò lè mú kí omi tètè dé.

EEG, tí Hans Berger ará Jámánì kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1929, ń ka iná mànàmáná ọpọlọ láti orí awọ orí, ó sì lè kà á ju ìgbà 1,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àléébù rẹ̀ ni pé kò mọ ibi tí iná náà ti wá dájúdájú. Nítorí náà ni àwọn olùwádìí kan ṣe ń lo méjèèjì pọ̀: EEG sọ ìgbà, fMRI sọ ibi.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìbàdàn gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣuntókun, onímọ̀ àrùn ọpọlọ ní ilé-ìwòsàn UCH, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wárápá ní Igbó-Ọrà jáde: ènìyàn 5.3 nínú 1,000 ló ní in. Irú wárápá kan wà tí kì í gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Ọmọ yóò kàn dákẹ́, ojú rẹ̀ yóò ranjú fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan, yóò sì máa bá ohun tó ń ṣe lọ. Olùkọ́ lè rò pé aláìfọkànsí ni. Lórí EEG, ìgbì mẹ́ta ló máa ń hàn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwòrán tó gba ìṣẹ́jú-àáyá méjì yóò ti pa ìgbì mẹ́fà pọ̀ sójú kan.

Ìwádìí tí àwọn oníṣègùn láti Ìbàdàn kópa nínú rẹ̀ ní 2018 ka ẹ̀rọ MRI 84 péré ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fún ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 370. Òòfà púpọ̀ nínú wọn kò lágbára, àmì ẹ̀jẹ̀ tí fMRI ń wá sì máa ń lẹ́ gan-an lórí irú òòfà bẹ́ẹ̀.