Bí Ìgbìmọ̀ Ológun Ṣe Ń Wádìí Àṣìpa Ojú Ogun

Nígbà tí ọmọ ogun bá yìnbọn tàbí tí ó ju bọ́ǹbù lu àwọn tí wọ́n jọ wà ní ìhà kan náà, orúkọ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣẹ̀lẹ̀ náà so ó mọ́ ọ̀rẹ́. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, "iná ọ̀rẹ́" ni yóò jẹ́, ìtumọ̀ tí kò la ohunkóhun yé ẹnikẹ́ni. "Àṣìpa ojú ogun" sàn jù ú lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe "ṣì" tí ó wà nínú rẹ̀ ni a ń bá pàdé nínú àṣìsọ, àṣìgbọ́ àti àṣìmú. Ẹni tí ó ṣì nǹkan mú kò ṣàì mú nǹkan. Ohun tí ó mú ni kì í ṣe èyí tí ó rò. Bẹ́ẹ̀ náà ni àṣìpa rí: ẹni tí ó yìnbọn ní èrò láti pa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó pa kì í ṣe ẹni tí ó rò. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó wà níwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí kì í sábà jẹ́ ta ni ó yìnbọn. Ìyẹn kì í pẹ́ hàn. Ohun tí ó ṣòro ni láti mọ ohun tí ẹni náà rò pé òun rí, ohun tí ó mú un rò bẹ́ẹ̀, àti ibi tí ìròyìn tí ìbá dá a dúró há sí.

Ìṣẹ̀lẹ̀ Tarnak Farm ní Afghanistan jẹ́ kí èyí hàn kedere. Ní òru tí ó so ọjọ́ 17 mọ́ ọjọ́ 18, oṣù kẹrin, ọdún 2002, àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ Kánádà ń fi ìbọn àti ohun ìjà tí a fi ń fọ́ ọkọ̀ ogun ṣe ìdánrawò ní pápá kan nítòsí Kandahar. Ibùdó Al-Qaeda ni pápá náà tẹ́lẹ̀ rí, kí Amẹ́ríkà àti àwọn alábàáṣepọ̀ rẹ̀ tó sọ ọ́ di ibi ìdánrawò. Bàálù ogun F-16 méjì ti Amẹ́ríkà ń kọjá lókè. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ méjèèjì, Major Harry Schmidt, rí iná tí ń kọ nísàlẹ̀, ó sì gbà pé àwọn ni wọ́n ń yìnbọn sí. Ó ju bọ́ǹbù kan tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 227 kílógíráàmù, tí ìmọ́lẹ̀ lésà ń tọ́ sọ́nà. Ọmọ ogun Kánádà mẹ́rin kú, mẹ́jọ sì fara pa.

Ohun àkọ́kọ́ tí ìwádìí ń béèrè ni pé kí ẹ̀rí má ṣe sọnù. A ó dí ojú ibẹ̀. A ó kó àfọ́kù bọ́ǹbù àti ọta jọ. Dókítà yóò yẹ òkú wò. A ó gba téèpù ohùn àti àwòrán inú bàálù kí ọwọ́ ẹlòmíràn tó tẹ̀ ẹ́. Aṣọ tí ẹni tí ó kú wọ̀ pàápàá jẹ́ ẹlẹ́rìí, nítorí ihò tí ọta lù sí i lè sọ ìhà tí ọta náà ti wá. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a kò bá ṣe èyí ni a rí nínú ọ̀rọ̀ Pat Tillman, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí ó di ọmọ ogun, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì yìnbọn pa ní Afghanistan ní ọjọ́ 22, oṣù kẹrin, ọdún 2004. Wọ́n sun aṣọ rẹ̀ àti ẹ̀wù agbọta rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹbí rẹ̀ gbà pé ọ̀tá ni ó pa á, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sì kọjá kí wọ́n tó gbọ́ òtítọ́. Láàárín ẹgbẹ́ ọmọ ogun Tillman fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti yan ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Ìwádìí gun orí ìwádìí títí di ọdún 2007. Èèrú aṣọ kò ṣeé yẹ̀ wò mọ́, ojú tí ẹbí fi wo gbogbo ìjábọ̀ tí ó tẹ̀ lé e sì ti yí padà.

Ìdí nìyí tí ẹni tí ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ fi ṣe pàtàkì tó ohun tí ìgbìmọ̀ náà rí. Lórí Tarnak Farm, Kánádà gbé ìgbìmọ̀ tirẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀gágun Maurice Baril, tí ó ti fẹ̀yìn tì. Amẹ́ríkà náà gbé tirẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀gágun Stephen Sargeant, ṣùgbọ́n ọmọ Kánádà kan, Ọ̀gágun Marc Dumais, jọ ṣe alága pẹ̀lú rẹ̀. Ọgbọ́n ni èyí. Orílẹ̀-èdè tí ọmọ rẹ̀ ju bọ́ǹbù kò lè dá nìkan sọ bí ó ṣe jẹ́ fún orílẹ̀-èdè tí ń sin òkú.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tí ó gba sùúrù jù: títo ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní ìṣẹ́jú-àáyá sí ìṣẹ́jú-àáyá. A ó mú gbogbo téèpù wá sábẹ́ aago kan ṣoṣo, nítorí bí aago bàálù kan bá fi díẹ̀ sáré ju ti èkejì lọ, ìdáhùn lè dà bí ẹni pé ó ṣáájú ìbéèrè. Nínú téèpù òru ọjọ́ náà, awakọ̀ náà béèrè àyè láti yìn ìbọn inú bàálù rẹ̀ sílẹ̀. Bàálù ìṣọ́ ńlá tí ń darí àwọn yòókù dáhùn pé kí ó má tíì yìnbọn. Kò pẹ́ rárá tí ó fi kéde pé òun ń gbèjà ara òun. Bọ́ǹbù bọ́. Ó ti balẹ̀ kí ohùn láti bàálù ìṣọ́ tó sọ pé ọmọ ogun tiwọn ni ó wà níbẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ péréte wọ̀nyí ni gbogbo ẹjọ́ náà so mọ́. Òfin ìjà fún gbogbo ọmọ ogun láyè láti gbèjà ara rẹ̀, láìdúró de àṣẹ. Ọdẹ tí ó bá ṣì yìnbọn lu ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú igbó, a ó bi í bóyá ẹran ni ó rí tàbí ewé tí ó mì. Ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ bi awakọ̀ náà kò jìnnà sí èyí. Ṣé ewu tí ó sọ wà lóòótọ́? Bí ó bá tilẹ̀ gbà pé ó wà, kí ló dé tí kò fi bàálù rẹ̀ sá kúrò níbẹ̀? Ìgbìmọ̀ dá a lẹ́bi pé ó ṣẹ̀ sí òfin lílo ohun ìjà. Wọ́n bá Major William Umbach, tí ó jẹ́ aṣáájú bàálù méjèèjì, wí pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó bá dúró sí ìka tí ó tẹ bọ́tìnnì kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Àwọn awakọ̀ náà kò mọ̀ pé ìdánrawò ń lọ ní Tarnak Farm. Ta ni ó yẹ kí ó sọ fún wọn, ní wákàtí wo, lórí ìwé wo? Ìjábọ̀ Amẹ́ríkà tọ́ka sí àléébù nínú ìdarí àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ bàálù náà, ti Kánádà sì sọ pé àwọn ọmọ ogun tí ó wà nílẹ̀ ṣe ìdánrawò wọn bí ó ti yẹ. Gbólóhùn yìí lè dà bí ohun kékeré létí òǹkàwé. Fún ìyá tí ń bi ara rẹ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ ni ó fa ikú rẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀, kì í ṣe ohun kékeré.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra kí ó má ṣe da ìgbìmọ̀ ìwádìí pọ̀ mọ́ ilé ẹjọ́. Nínú ẹgbẹ́ ológun òfurufú Amẹ́ríkà, a máa ń ya ìwádìí fún ààbò sọ́tọ̀: ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ níbẹ̀ lábẹ́ ìlérí àṣírí, a kò gbọdọ̀ fi fìyà jẹ ẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀? Ẹjọ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2002, wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀ kan awakọ̀ méjèèjì. Nígbà ìgbọ́ran oṣù kìíní, ọdún 2003, àwọn agbẹjọ́rò wọn tẹnu mọ́ oògùn amúnijí tí ológun ń fún àwọn awakọ̀ kí oorun má baà gbé wọn. Ní ọdún náà ni wọ́n yọ ẹ̀sùn ìpànìyàn kúrò. Umbach gba lẹ́tà ìbáwí, ó sì fẹ̀yìn tì. Ní oṣù keje, ọdún 2004, wọ́n dá Schmidt lẹ́bi pé ó jáfara lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fún un ní lẹ́tà ìbáwí, ó sì san owó ìtanràn tí ó lé ní 5,600 dọ́là. Ìjábọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ ti jáde láti oṣù kẹfà, ọdún 2002: ọdún méjì gbáko ni àwọn ẹbí fi mọ bí ọmọ wọn ṣe kú kí wọ́n tó mọ ohun tí Schmidt yóò jẹ́ nítorí rẹ̀.