Eyín Ọmọdé: Kí Ó Tó Ká àti Lẹ́yìn Tó Bá Ká

Eyín ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá bá kọ́kọ́ rí i lẹ́nu rẹ̀. Inú oyún ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà. Nígbà tí wọ́n bá fi máa bí ọmọ, gbogbo eyín ọmọdé, tí wọ́n jẹ́ 20, ti ń le lábẹ́ ẹran ìdí eyín, wọ́n kàn ń dúró de àsìkò wọn ni. Kódà, eyín àgbà àkọ́kọ́, tí kò ní yọjú títí ọmọ yóò fi tó ọmọ ọdún mẹ́fà, ìgbà ìbí ọmọ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ìyá bá gbé mì nígbà oyún, àti ohun tí wọ́n bá fún ọmọ mu ní kékeré, fi lè hàn lára eyín lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Àpẹẹrẹ kan kò jìnnà. Ní Òsí, ní Ìlọ́fà, ní Òdò-Ọwá àti káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ìgbèríko Nàìjíríà, kẹ́míìsì ni àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ yà sí bí inú bá ń run wọ́n tàbí tí egbò bá ń dùn wọ́n. Tetracycline wà lára oògùn tí wọ́n ń rà lẹ́yọ lẹ́yọ níbẹ̀. Bí aláboyún tí oyún rẹ̀ ti lé lóṣù mẹ́rin bá lò ó, tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, oògùn náà á wọ inú eyín tó ṣì ń dàgbà lọ, á sì sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí aláwọ̀ eérú. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Kò sí orín tàbí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni eyín méjì iwájú nísàlẹ̀ sábà máa ń hù. Ti ọmọ mìíràn lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti òmíràn sì lè pẹ́ tó ọdún kan, kò sí àìsàn níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá fi máa di ọmọ ọdún mẹ́ta, gbogbo ogún ti pé. Lásìkò eyín híhù, itọ́ á máa dà, ọmọ á máa gé ohun tó bá bà lọ́wọ́, á sì lè máa sunkún lóru. Ohun tí eyín kì í fà ni ìgbẹ́ gbuuru àti ibà tó ga. Ìgbà tí eyín ń hù náà ni ọmọ ń rákòrò, tó ń ki ohun tó bá rí nílẹ̀ bọ ẹnu, ìgbà yẹn náà sì ni ààbò tó gbé wá láti inú ìyá ń tán lọ lára rẹ̀. Àìsàn ló dé, eyín kàn bá a pàdé lọ́nà ni. Ìyá tó bá ń sọ pé “eyín ló ń hù” títí omi fi gbẹ tán lára ọmọ ti fi àkókò ìtọ́jú ṣòfò.

Ìgbàgbọ́ yìí ti gba ẹ̀mí ọmọ rí ní Nàìjíríà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àjọ NAFDAC ké gbàjarè lórí oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí ilé-iṣẹ́ Barewa ní Èkó ń ṣe fún ọmọ tó ń hu eyín. Diethylene glycol, kẹ́míkà tó máa ń ba kíndìnrín jẹ́, ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ 84 ló kú. Ọmọ tó ń hu eyín kò nílò oògùn olómi kankan. Aṣọ mímọ́ tí wọ́n fi omi tútù rẹ, tàbí ìka ọwọ́ tí wọ́n fọ̀ dáadáa tí wọ́n fi ń ra ìdí eyín rẹ̀, ti tó o. Bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ.

Ọjọ́ tí eyín àkọ́kọ́ bá yọ ni fífọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Aṣọ rírọ̀ tàbí búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó rọ̀ ni wọ́n máa lò. Ọṣẹ ìfọyín, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní mákílíìnì láìka orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀ sí, kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan lọ títí ọmọ yóò fi pé ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré kan tó. Ìpolówó tí wọ́n ti ń fi ọṣẹ bo gbogbo orí búrọ́ọ̀ṣì, ọjà ni wọ́n fi ń tà. Kí ọmọ tutọ́ ọṣẹ náà dànù, kó má sì fi omi púpọ̀ yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, nítorí fúlọ́ráìdì tó wà nínú ọṣẹ ní láti dúró lára eyín díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ọmọ kò tíì mọ iṣẹ́ yìí ṣe dáadáa títí yóò fi tó ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ. Òbí tó bá kàn ń pariwo láti yàrá pé “o ti fọ ẹnu?” kò tíì ṣe nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó mú búrọ́ọ̀ṣì.

Àṣà Yorùbá ti bá àwọn òbí ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò tíì fọ ẹnu láàárọ̀ kì í fẹ́ bá àgbà sọ̀rọ̀, ọmọ sì ti mọ èyí kó tó máa lọ sílé-ìwé. Alẹ́ ni wàhálà wà. Bí ènìyàn bá sùn, itọ́ á dín kù lẹ́nu, itọ́ yìí sì ni ohun tó ń fọ eyín tó sì ń tún un ṣe. Ọmọ tó bá mu ògì oníṣúgà tàbí tíì tán tó sì sùn lọ bẹ́ẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n ki fídà bọ lẹ́nu kó lè dákẹ́, gbogbo òru ni adùn náà fi ń bá eyín rẹ̀ gbé. Eyín iwájú lókè ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀, á sì dúdú, á máa rún mọ́lẹ̀ títí á fi ku kùkùté.

Bí eyín ṣe ń bàjẹ́ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Aráyé ti sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò inú eyín láti ayébáyé, bí ẹni pé ìdin kan wà tó ń gbẹ́ ihò níbẹ̀. Kò sí ìdin. Kòkòrò àìfojúrí ló wà nínú ìdọ̀tí funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín. Bí ṣúgà bá kàn wọ́n, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sì sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì á sì máa yọ́ èèpo líle tó bo eyín. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan, itọ́ á ti pa ásíìdì náà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohun tó yọ́ padà. Bí adùn mìíràn bá tún wọlé kí itọ́ tó parí iṣẹ́, eyín á tún máa yọ́. Nítorí náà, iye ìgbà tí ọmọ ń jẹ adùn lóòjọ́ ń ba eyín jẹ́ ju bí adùn náà ṣe pọ̀ tó lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn Vipeholm ní orílẹ̀-èdè Sweden láti 1945 fi èyí hàn kedere: àwọn tí wọ́n ń fún ní súwíìtì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín láàárín oúnjẹ kan sí òmíràn ni eyín wọn bàjẹ́ jù. Ọ̀nà ìkà ni wọ́n gbà ṣe é, nítorí àwọn alárùn ọpọlọ tí kò lè kọ̀ ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n òtítọ́ tó jáde níbẹ̀ kò tíì yí padà.

Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí ilẹ̀ Èkìtì fi ń yangàn kò ní eyín lára tó bísíkíìtì tó wà nínú báàgì ilé-ìwé. Bí ọmọ bá mu kóòkì kan tán pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ásíìdì dìde. Bí ó bá ń fà á díẹ̀díẹ̀ láti aago méjìlá di aago mẹ́rin, kò sí ìsinmi fún eyín. Gàrí oníṣúgà tí wọ́n ń mu lọ́sàn-án kò yàtọ̀. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2015 ni pé kí ṣúgà tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ àti ohun mímu má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí ara ń rí láti inú oúnjẹ. Ẹ̀pà, àgbàdo bíbọ̀, ìbẹ́pẹ àti ọsàn tí wọ́n jẹ bí èso, tí kì í ṣe èyí tó wà nínú páálí, sàn ju súwíìtì lọ gan-an.

Gbólóhùn tó ń ba eyín ọmọ jẹ́ jù lẹ́nu àwọn òbí ni “ó ṣáà máa ká.” Òótọ́ ni pé yóò ká, ṣùgbọ́n ti iwájú nìkan ló ń ká ní ọdún mẹ́fà tàbí méje. Àwọn eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ọmọdé gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ títí ọmọ yóò fi pé ọdún mẹ́wàá sí méjìlá. Bí kòkòrò bá jẹ ọ̀kan nínú wọn lọ́dún márùn-ún, ọdún márùn-ún sí méje ni ọmọ yóò fi máa fi apá kan jẹun. Ọyún tó bá gbá jọ sí ìdí rẹ̀ lè ba eyín àgbà tó ń dàgbà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá sì yọ ọ́ ṣáájú àsìkò, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á máa sún wọ àyè rẹ̀, nígbà tí ẹni tó ni àyè bá sì dé, á hù wọ́. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe kọ ọ́ ní 2022, ọmọ tó tó mílíọ̀nù 514 ni eyín ọmọdé wọn ti bàjẹ́ káàkiri ayé. Ní Nàìjíríà, púpọ̀ nínú irú eyín bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í tọ́jú.

Ohun tó tún ń tan òbí jẹ ni eyín ọdún mẹ́fà. Eyín ńlá mẹ́rin, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan lókè àti nísàlẹ̀, máa ń hù láìjẹ́ pé eyín kankan ká. Nítorí pé kò sí èyí tó ká, òbí á rò pé eyín ọmọdé ni, á sì fi í sílẹ̀. Eyín àgbà ni, òun náà sì ni ọmọ yóò máa lò títí dọjọ́ ogbó. Kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ọmọ, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti àárín iwájú lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan: márùn-ún ni eyín ọmọdé, ẹ̀kẹfà ni eyín tí à ń wí. Orí rẹ̀ kún fún kòtò tóóró tí oúnjẹ ń há sí, búrọ́ọ̀ṣì kì í sì í tètè dé ẹ̀yìn ibẹ̀. Lára gbogbo eyín àgbà, òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Oníṣègùn eyín lè fi nǹkan rírọ̀ tó ń le bí ó bá gbẹ dí kòtò náà kí ó tó bàjẹ́, kò sì ní dun ọmọ rárá.

Nígbà tí eyín iwájú bá ń ká, ọmọ á ju eyín náà sórí òrùlé, á sì sá kí alángbá má baà rí i. Kò sí ewu nínú ìyẹn. Nígbà mìíràn, eyín àgbà nísàlẹ̀ á hù sẹ́yìn eyín ọmọdé tí kò tíì ká, tí eyín á fi tò ní ìlà méjì. Òbí kì í sinmi bí wọ́n bá rí i, ṣùgbọ́n bí ti ọmọdé náà bá ti ń mì, yóò sábà ká fúnra rẹ̀, ahọ́n á sì ti ti tuntun síwájú. Bí kò bá mì rárá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kí wọ́n gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò. Àlàfo tó máa ń wà láàárín eyín méjì iwájú lókè láti ọdún méje sí mẹ́sàn-án sábà máa ń pa pọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí eyín gígùn ẹ̀gbẹ́ bá hù ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá. Ti ẹlòmíràn kì í pa pọ̀, òun sì di eléjìí, ẹwà ńlá. Èjí tí wọ́n fi fáìlì gbẹ́ ní tirẹ̀ ń yọ èèpo eyín dànù, kò sì sí ohun tó lè hù ú padà.

Orín ṣì ní àyè tirẹ̀. Orín ata, tó máa ń ta ẹnu wìnnìwìnnì, ní èròjà tó ń pa kòkòrò àìfojúrí. Ọmọ tó ti lé ní ọdún méje lè lò ó, bí wọ́n bá kọ́ ọ láti rún un títí yóò fi di fọ́nránfọ́nrán, kó má sì fi igi líle gún ìdí eyín. Àmọ́ orín kò ní fúlọ́ráìdì tó tó, kì í sì í dé ìpẹ̀kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ dáadáa, nítorí náà kò lè gba iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì alẹ́ ṣe.

Bí ìdí eyín ọmọ tí kò jẹun kánú, tí ìgbóná tàbí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ bá jà, bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ sì ń rùn, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni noma, àrùn tó máa ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ láti ọdún méjì sí mẹ́fà, ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn tó jà fún un títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kà á mọ́ àwọn àrùn tí wọ́n pa tì, ní oṣù kejìlá 2023. Ní ìbẹ̀rẹ̀, oògùn àti oúnjẹ gidi lè dá a dúró.

Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín, ṣùgbọ́n láti Òsí tàbí Ìlọ́fà, ìrìn-àjò ibẹ̀ ju wákàtí kan lọ, owó ọkọ̀ sì tún wà níbẹ̀. Ó dára pé àwọn ọ̀nà kan wà tí kò nílò iná mànàmáná. Ní Tanzania ní àárín ọdún 1980 sí 1990 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é pé kí wọ́n fi irin ọwọ́ kékeré ha ibi tó bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n sì fi símẹ́ǹtì eyín dí i, láìlo ẹ̀rọ. Omi oògùn fàdákà oní-fúlọ́ráìdì tún wà, tí wọ́n ń fi kun ibi tó bàjẹ́ kí ó má baà tẹ̀ síwájú. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sára oògùn pàtàkì ní 2021. Ó máa ń sọ ibi tó bàjẹ́ di dúdú, ṣùgbọ́n lára eyín ọmọdé tí yóò ká, ìyẹn kò burú tó ìrora. Irú iṣẹ́ yìí ṣeé gbé wá sí ilé-ìwé tàbí ilé ìlera alábọ́dé bí òṣìṣẹ́ tó kọ́ ọ bá wà.

Ìjàǹbá ló kù. Àsìkò káṣú àti máńgòrò, ọmọ máa ń já bọ́ láti orí igi. Bí eyín àgbà bá yọ jáde pátápátá, kí wọ́n di orí rẹ̀ mú, kí wọ́n má fọwọ́ kan gbòǹgbò, kí wọ́n fi omi mímọ́ ṣàn án díẹ̀ láìha á, kí wọ́n sì tì í padà sí ihò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ọmọ sì rọra fi aṣọ mímọ́ há a mọ́ ẹnu. Bí wọ́n kò bá lè tì í, kí wọ́n kó o sínú mílíìkì, kó má gbẹ. Láàárín wákàtí kan ni eyín tó yọ fi ní ìrètí jù, nítorí náà ní ìlú tí ọ̀nà Ìlọrin jìn sí, ẹni tó wà nítòsí lọ́jọ́ náà ló lè gba eyín là, kí wọ́n tó gbéra lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Eyín ọmọdé tó bá yọ ní tirẹ̀, kí wọ́n má dá a padà rárá, nítorí ó lè ṣe eyín àgbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ léṣe.