A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Àtúntò Ọ̀nà Fífi Ọ̀rọ̀ Lọ Ará Ìlú Lórí Ètò Àdúgbò Lásìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn ní Ìkòsì

Ìṣọníṣókí

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe lè máa gbọ́ ohùn ará ìlú lórí ètò àdúgbò nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kò bá jẹ́ kí ènìyàn púpọ̀ péjọ. Ìkòsì, ní agbègbè Kosofe ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. A wo ohun tí òfin wí, ohun tí ìtàn fi kọ́ wa, àti ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe ní ọdún 2020. Èrò wa ni pé àrùn lè dá ìpàdé dúró, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹ̀tọ́ ará ìlú dúró. Kì í ṣe irú ẹ̀rọ tí a lò ni a ó fi díwọ̀n irú ètò bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe bóyá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́, bóyá ó fèsì, àti bóyá ó rí ìdáhùn gbà.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ọgbọ́n inú òwe yìí ni ìpìlẹ̀ fífi ọ̀rọ̀ lọ ará ìlú kí ìjọba tó la títì, kí ó tó gbẹ́ ojú àgbàrá, tàbí kí ó tó ṣí ọjà nípò. Nígbà tí ara bá rọ ìlú, ìpàdé ni ọ̀nà tí a mọ̀ jù. A ó pe àwọn baálẹ̀, ìyálọ́jà, onílé àti olórí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò jọ sí gbọ̀ngàn kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yóò fi àwòrán ètò náà hàn wọ́n. Olúkúlùkù yóò sì sọ tẹnu rẹ̀.

Àrùn Kòrónà dí ọ̀nà yìí pa. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Nígbà tí wọ́n dẹ òfin náà díẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, àpéjọ tí ó bá ju ènìyàn 20 lọ ṣì jẹ́ èèwọ̀. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: bí gbọ̀ngàn bá wà ní títì, níbo ni etí ìjọba yóò wà?

Ohun tí òfin wí

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé fífi ọ̀rọ̀ lọ ará ìlú kì í ṣe ojúrere tí ìjọba ń ṣe. Òfin Ètò Ìlú àti Agbègbè tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1992 fẹ́ kí a kéde ìwéwèé fún ará ìlú, kí wọ́n rí i, kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn sì lè fi àtakò rẹ̀ ránṣẹ́. Ní ọdún 2003, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a lẹ́jọ́ pé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2010. Bákan náà, òfin tí ó de àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ àkànṣe ń ní lórí àyíká, tí òun náà jẹ́ ti ọdún 1992, sọ pé àwọn aláṣẹ gbọ́dọ̀ fún ará ìlú láǹfààní láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣe ìpinnu. Ọjọ́ iṣẹ́ 21 ni wọ́n sábà máa ń fi irú ìwé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ síta kí gbogbo ènìyàn lè kà á.

Bí a bá tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, a ó rí i pé ẹ̀ka mẹ́ta ni ó ní. Èkíní ni ìkéde: kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́, kí ó sì yé e. Èkejì ni ìfèsì: kí ó rí ọ̀nà tí kò nira láti sọ èrò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìdáhùn: kí a padà wá sọ fún un ohun tí a fi èrò rẹ̀ ṣe, àti ìdí tí a kò fi gba èyí tí a kò gbà. Ìpàdé jẹ́ ọ̀nà kan tí a ń gbà ṣe àwọn nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ìpàdé fúnra rẹ̀ kọ́ ni ètò náà.

Ohun tí ìtàn fi kọ́ wa

Kì í ṣe ìgbà Kòrónà ni àjàkálẹ̀ àrùn kọ́kọ́ pàdé ètò ìlú ní Èkó. Ní ọdún 1924, àrùn burúkú kan tí eku àti eégbọn ara rẹ̀ ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì bá ìlú náà fínra fún ọdún mélòó kan. Ní ọdún 1928, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè Èkó tí a mọ̀ sí LEDB sílẹ̀ láti tún àwọn àdúgbò tí ó há gádígádí ṣe. Àṣẹ ń ti òkè wá, ilé sì ń wó nísàlẹ̀. Láti ọdún 1955, ìgbìmọ̀ yìí kan náà wó ọ̀pọ̀ ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, wọ́n sì kó púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Nígbà tí onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Peter Marris ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà, tí ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961, ó rí i pé oníṣòwò púpọ̀ ti pàdánù oníbàárà, ẹbí tí ó ń gbé agbo-ilé kan náà sì ti tú káàkiri. Ilé tuntun wà, ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí ilé àtijọ́ jẹ́ ilé fún àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kò sí lórí àwòrán tí a fi wó o.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ní ọdún 2020 gan-an. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, ní àdúgbò Yopougon ní ìlú Abidjan, àwọn ará àdúgbò wó ibi àyẹ̀wò àrùn Kòrónà tí ìjọba ń kọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní ó sún mọ́ ilé àwọn jù, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé àwọn aláìsàn ni a ó kó wá síbẹ̀. Àlàyé àwọn aláṣẹ ni pé ibi àyẹ̀wò ni, kì í ṣe ibi ìtọ́jú. Ó yẹ kí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ti wọ gbogbo ilé létí kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé pàjáwìrì kò fún òun láyè láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kí ó wo iye àkókò tí wọ́n pàdánù ní Yopougon.

Ìkòsì lójú òfin kónílé-ó-gbélé

Ìkòsì jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ètò kì í ti tán. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 665,393 ni a kà ní Kosofe. Láti ọdún 2003 ni Ìkòsì àti Ìṣẹ̀rí ti ní ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tiwọn. Ọjà Mile 12, tí tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu ń dé sí láti òkè ọya, wà ní agbègbè yìí. Ọjà èso Ìkòsì náà kò sì jìnnà sí i. Ọ̀nà ọkọ̀ akérò BRT tí a ṣí ní ọdún 2008 bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12. Ní ọdún 2015 ni a fà á dé Ìkòròdú. Omi náà kò sì gbẹ́yìn: ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, Odò Ògùn kún àkúnya, omi tí a tú sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán sì wà lára ohun tí ó fà á tí omi fi lé àwọn ènìyàn kúrò nílé ní apá Mile 12 àti Ajégúnlẹ̀. Nínú irú agbègbè báyìí, ìlà kan tí a fà sórí àwòrán lè gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan tàbí kí ó darí omi sílé ẹlòmíràn.

Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé dé, ìjọba Èkó ti àwọn ọjà pa, ṣùgbọ́n ó yọ àwọn tí ń ta oúnjẹ sílẹ̀. Ìjọba tún kéde pé òun yóò lo ọgbà ilé-ìwé fún ọjà onígbà díẹ̀ kí èrò má baà pọ̀ jù lójú kan. Ohun méjì ni a rí dì mú nínú èyí. Àkọ́kọ́, ètò ìlú kò dúró de ìgbà tí àrùn yóò lọ; yíyí ọgbà ilé-ìwé padà sí ọjà jẹ́ ìpinnu lórí lílo ilẹ̀. Èkejì, gbọ̀ngàn ìpàdé ni a tì, a kò ti ọjà oúnjẹ. Ibi tí àwọn ènìyàn wà kò yí padà. Ibi tí ìjọba ti mọ̀ ọ́n wá wọn lọ ni ó yí padà.

Bí àwọn mìíràn ṣe yí ijó padà

Bí ìlù bá yí padà, ijó náà a yí padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2020 gba àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ láyè láti ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan ìpàdé lórí àṣẹ ilé kíkọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni àyè náà parí. Scotland fi ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì rọ́pò ìpàdé ojúkojú tí ó yẹ kí ó wáyé kí ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá tó tọrọ àṣẹ. Ireland ní tirẹ̀ fi ọjọ́ 56 kún gbèdéke, kí ẹnikẹ́ni má baà pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ nítorí pé kò lè jáde nílé. Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ ṣe ìpàdé orí ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Ní oṣù Keje, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ìgbẹ́jọ́ orí ẹ̀rọ kò lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀ wa.

Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ẹ̀wù Abidjan tàbí ti Lọ́ńdọ́nù wọ Ìkòsì láìwọn ara rẹ̀, kò ní í bá a mu. Ìpàdé orí Zoom ń fẹ́ ẹ̀rọ alágbèéká olówó iyebíye, owó dátà àti iná mànàmáná. Alábàárù tí ń ru ẹrù ní Mile 12 lè má ní ìkankan nínú wọn. Ìwé ìlànà tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2020 mọ èyí: ó ní kí a yẹra fún àpéjọ ńlá, kí a lo agbo kéékèèké níbi tí òfin bá ti gbà á, kí a sì lo rédíò, ìwé ìròyìn àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá ti délé gbogbo ènìyàn.

Ọ̀nà tí ó bá Ìkòsì mu

Ká ní ìjọba fẹ́ fẹ ojú àgbàrá kan tí ó gba ẹ̀yìn ọjà kọjá, tí àrùn sì wà níta. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni a dábàá.

(i) Kí a kọ́kọ́ ka àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn: onílé, ayálégbé, onísọ̀, àti ẹni tí ń pàtẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí ni a máa ń gbàgbé, nítorí pé orúkọ wọn kì í sí lórí ìwé ilẹ̀.

(ii) Kí a kéde ètò náà ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ní Mile 12, Yorùbá nìkan kò tó. Ó yẹ kí Haúsá, Ìgbò àti èdè pijin wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Radio Lagos ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀n 107.5, àwọn ọjà sì ní gbohùngbohùn tiwọn. Kí a lẹ àwòrán ńlá mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì.

(iii) Kí a pín ìpàdé sí wẹ́wẹ́ ní ìta gbangba. Bí ìlà ọjà kan bá ní onísọ̀ 180, tí a sì ń pe 18 lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú òṣìṣẹ́ méjì, ìpàdé 10 ni yóò kárí gbogbo wọn láìrú òfin ènìyàn 20. Kí olúkúlùkù wọ ìbòmú, kí àlàfo sì wà láàárín wọn. Kí àwọn obìnrin ní àsìkò tiwọn, nítorí pé kì í rọrùn fún ọ̀pọ̀ láti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tí ń gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ wọn.

(iv) Kí nọ́ńbà kan wà tí a lè pè lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tí ó gbé e sì kọ ọ̀rọ̀ olùpè sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́. Kí a fi ọjọ́ kún gbèdéke, nítorí agbo kéékèèké ń gba àkókò ju ìpàdé ńlá kan lọ.

(v) Kí a padà wá. Kí a lẹ ìdáhùn mọ́ ibi tí a lẹ ìkéde mọ́, kí a sì kà á sétí àwọn tí kò mọ̀wé.

A kò sọ pé ọ̀nà yìí kò ní àbùkù. Agbo kéékèèké lè mú kí àwọn alágbára máa sọ ohun kan níhìn-ín, kí wọ́n sì máa sọ òmíràn lọ́hùn-ún. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ka àkọsílẹ̀ agbo kọ̀ọ̀kan fún agbo tí ó tẹ̀lé e. Bákan náà, ohun kan wà tí kò ṣeé fi falẹ̀ rárá, bíi ibi ìtọ́jú aláìsàn. Nínú irú rẹ̀, kí a gé ọjọ́ kúrú, ṣùgbọ́n kí a má yọ ìkéde àti ìdáhùn kúrò.

Ipa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ olùkọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ọgbà ilé-ìwé ni a kéde fún ọjà; olùkọ́ sì wà lára àwọn díẹ̀ tí òbí gbọ́kàn lé, tí ó mọ ìwé kà, tí ó sì gbọ́ èdè àdúgbò. Òun ni ó lè túmọ̀ èdè àwọn ayàwòrán ètò ìlú sí ohun tí ìyá aláta yóò gbọ́. Nínú kíláàsì, a lè ní kí àwọn ọmọ ya àwòrán ojú ọ̀nà láti ilé wọn dé ilé-ìwé, kí wọ́n sàmì sí ibi tí omi ti ń dá rogún. Èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ó sì tún jẹ́ ẹ̀rí tí ìgbìmọ̀ lè lò.

Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣàlàyé pé ìkéde, ìfèsì àti ìdáhùn ni ọ̀pá mẹ́ta tí ó gbé fífi ọ̀rọ̀ lọ ará ìlú dúró, àti pé a lè gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba ọ̀nà mìíràn nígbà àrùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣẹ́kù: kí Kòrónà tó dé, ta ni ó ń wá sí gbọ̀ngàn? Ìyá tí ó bá fi tòmátì sílẹ̀ lọ sí ìpàdé ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ yóò bá a ní jíjẹrà. Kì í ṣe àrùn ni ó kọ́kọ́ yọ ọ́ sílẹ̀. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Bí àrùn bá ti fipá mú wa gbé ìpàdé lọ bá a ní ìdí igbá rẹ̀, kò yẹ kí a tún gbé e padà sí gbọ̀ngàn nítorí pé àrùn ti kásẹ̀ nílẹ̀.