Pápá Kan Tí Ń Gba Eré Púpọ̀

Ìlera loògùn ọrọ̀, ni àwọn baba wa wí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá sì gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tọkàntọkàn yóò wá ilẹ̀ gbalasa kan tí àwọn ọmọ yóò ti máa na apá, na ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá Ìbà, ní ilẹ̀ àwọn Àwórì, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí a dá sílẹ̀ ní 1983 nígbà tí Lateef Jakande jẹ́ gómìnà, ti ní pápá ìṣeré tirẹ̀. Nígbà tí ó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, òun àti Yunifásítì Èkó tí ó wà ní Akoka ni wọ́n jọ gbàlejò ìdíje àwọn yunifásítì gbogbo Áfíríkà.

Kí pápá kan ṣoṣo tó lè gba onírúurú eré, a ní láti fi eré kan wọ inú èkejì: pápá bọ́ọ̀lù, tí ó sábà máa ń gùn ní mítà 105, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 68, a wà láàárín gbùngbùn; ojú ọ̀nà eléré sísá a yí i ká; àyè tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilé góòlù méjèèjì a sì jẹ́ ti àwọn tí ń fò sókè. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ọ̀nà eléré sísá náà tí ó gún gbọọrọ jẹ́ mítà 84.39 níkọ̀ọ̀kan, ibi tí ó tẹ̀ sì gba ìyókù, tí gbogbo rẹ̀ fi di mítà 400 géérégé fún ẹni tí ó bá sá ní ìlà àkọ́kọ́. Nítorí pé ìyípo ẹni tí ó wà lóde gùn ju ti ẹni inú lọ, ìlà kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ní mítà 1.22, nínú eré mítà 400 a máa ń gbé e síwájú ẹni tí ó wà ní ìlà inú tí ó tẹ̀ lé e ní nǹkan bí mítà 7 sí 8 kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé a ń rẹ́ ẹnì kan jẹ, bẹ́ẹ̀ òdodo gan-an ni a ń ṣe.

Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní Èkó Àrómisá-lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́, a kò gbọdọ̀ gbin koríko kí a tó la ojú àgbàrá sábẹ́ ilẹ̀, kí a tó da òkúta àti iyanrìn sí i. A kò sì gbọdọ̀ wa ọkọ̀ tàbí ri òpó àgọ́ ayẹyẹ mọ́ ojú ọ̀nà eléré sísá, nítorí rọ́bà tí a tẹ́ síbẹ̀ kì í pẹ́ ya.

Pápá yunifásítì lè sọ ọmọ di àgbà eléré: Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gba yunifásítì ní El Paso ní Amẹ́ríkà kọjá kí ó tó sá mítà 100 pẹ̀lú ìdènà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní 2022, tí ó sì di ẹni tí ó yára jù lọ láyé nínú eré náà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní Ìbà àti Òkokomáìkò tí ó wà nítòsí LASU. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè: ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó ní pápá, ìlú ni ó ní ọmọ. Kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó bá ní pápá ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé àdúgbò, kí wọ́n sì fi olùkọ́ eré tì wọ́n lẹ́yìn. Owó tí a ná sórí ilẹ̀ náà yóò fi bẹ́ẹ̀ mú èrè wá fún gbogbo wa.