Yàrá Tutù, Ṣùgbọ́n Ògiri Ń Làágùn: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ṣírò Ọ̀rinrin Inú Ilé

Ṣé ẹ ti wọ ọ́fíìsì kan rí nígbà òjò, tí AC ń ṣiṣẹ́ gidi, tí òtútù wà, síbẹ̀ tó ń ṣe yín bíi pé aṣọ tí kò gbẹ dáadáa lẹ wọ̀? Ẹ wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ó rí nǹkan dúdú dúdú tó ti hù sára ògiri. Ìwé inú fáìlì ti rọ̀. Òtútù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀rinrin ni ẹnikẹ́ni ò bójú tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àríwá Èkìtì gan-an. Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ títí dé Ìdó, afẹ́fẹ́ máa ń kún fún omi nígbà òjò, tí ọyẹ́ bá sì dé, ètè á máa là, ilẹ̀kùn á sì máa sún kì. Ilé kan náà ló gbọ́dọ̀ gba méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ náà ni yàrá iṣẹ́ abẹ wà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó, ibẹ̀ sì ni FUOYE, yunifásítì tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 2011, ti ń kọ́ àwọn ẹnjiníà ọ̀la ní ọgbà rẹ̀ tó wà ní Ìkọ̀lé. Púpọ̀ nínú wọn ni yóò fi kọ̀ǹpútà dán ilé wò kí wọ́n tó fi búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Pure water mélòó ló wà nínú afẹ́fẹ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó gbóná máa ń gba omi ju èyí tó tutù lọ. Ní 28°C, afẹ́fẹ́ tó kún àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan lè gba omi bíi gíráàmù 27 kó tó kún. Ní 24°C, nǹkan bíi 22 ni. Tí wọ́n bá ní ọ̀rinrin jẹ́ 85%, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ ti gba ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún omi tó lè gbà.

Ká ní ìta jẹ́ 28°C, ọ̀rinrin sì jẹ́ 85%. Omi tó wà nínú àpótí wa jẹ́ bíi gíráàmù 23. Ẹ wá mú afẹ́fẹ́ yẹn wọ yàrá tí ẹ fẹ́ kó wà ní 24°C. Àyè gíráàmù 22 péré ló wà! Èyí tó ṣẹ́ kù kò ríbi jókòó, ó di ìrì. Ìdí kan náà nìyẹn tí ike omi tútù fi máa ń làágùn lórí tábìlì.

Tí a bá fẹ́ kí ọ̀rinrin yàrá náà wà ní 60%, gíráàmù 13 ló yẹ kó kù. A ó yọ 10 kúrò. Yàrá tó jẹ́ mítà 4 sí 4, tí àjà rẹ̀ ga ní mítà 3, gba irú àpótí bẹ́ẹ̀ 48. Omi tí a máa yọ jẹ́ gíráàmù 480, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pure water kan. Tí afẹ́fẹ́ ìta bá ń gba ojú fèrèsé wọlé tó fi jẹ́ pé ó ń pààrọ̀ ti inú lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan, pure water kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

A ò tíì ka èèyàn o. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń fi èémí àti òógùn tú omi bíi gíráàmù 50 sí 70 sínú afẹ́fẹ́ ní wákàtí kan. Kíláàsì tí èèyàn 40 wà nínú rẹ̀, pure water bíi márùn-ún ni!

AC ń gbọ́ ti òtútù nìkan

Lọ́dún 1902, ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, ń jìyà ọ̀rinrin. Bébà wọn ń wú, àwọ̀ inú àwòrán kò sì bára mu mọ́. Ẹnjiníà Willis Carrier ló ṣe ẹ̀rọ tó yanjú rẹ̀, látibẹ̀ sì ni AC òde òní ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí i pé omi inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ torí rẹ̀ ṣe é.

Títí dòní, afẹ́fẹ́ máa ń kọjá lára irin tútù inú AC, omi á sì jáde gba páìpù ẹ̀yìn ilé. Ṣùgbọ́n thermostat, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ka ooru, ni AC ń gbọ́ tirẹ̀. Tí yàrá bá ti tutù dé ibi tí ẹ ní kó dé, ẹ̀rọ á sinmi, omi náà ò sì ní kán mọ́. Ìdí nìyẹn tí AC tó tóbi ju yàrá lọ fi ń dá wàhálà sílẹ̀: ó ti mú yàrá tutù kó tó ráyè fa omi rẹ̀.

Ohun tí ẹ kò bá sọ, kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀

EnergyPlus ni ọ̀kan lára sọ́fítíwià tí wọ́n ń lò jù fún irú iṣẹ́ yìí. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ló gbé e jáde lọ́dún 2001, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ ó ya ilé yín sínú rẹ̀, ẹ ó fún un ní fáìlì ojú ọjọ́, á sì ṣírò ooru, omi àti iná mànàmáná fún gbogbo wákàtí 8,760 tó wà nínú ọdún. Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta.

Èkíní: tí ẹ bá fún un ní thermostat nìkan, á mú ooru dúró síbi tí ẹ fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin á máa lọ síbi tó bá wù ú. Tí ẹ bá lo ẹ̀rọ àfinúrò tó ń jẹ́ Ideal Loads láìyí nǹkan kan padà, 0.7 ló máa lò: ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ìtutù fún ooru, ìdá 30 fún omi, ì báà jẹ́ òjò ló ń rọ̀ tàbí ọyẹ́ ló ń fẹ́. Á máa yọ omi nínú afẹ́fẹ́ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀! Ẹ yí i sí Humidistat, kí ẹ sì kọ ibi tí ọ̀rinrin kò gbọdọ̀ kọjá. Fún yàrá iṣẹ́ abẹ, ìlànà ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà amúlétutù, jẹ́ 20% sí 60%.

Èkejì: fáìlì ojú ọjọ́. Tí ẹ bá fi ti Kánò dán ilé Ìkọ̀lé wò, àbájáde rẹ̀ á dùn ún wò, irọ́ ni.

Ẹ̀kẹta: ògiri. Ògiri amọ̀ máa ń fa ọ̀rinrin mu, á tún tú u sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Ọ̀nà ìṣirò tó wà nínú EnergyPlus láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ka ìyẹn sí. Ẹ̀yin lẹ máa yan EMPD tàbí HAMT kó tó rántí pé ògiri ń mumi.

Ta ló máa san owó iná?

Kí afẹ́fẹ́ tó lè wà ní 24°C pẹ̀lú ọ̀rinrin 60%, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un tutù dé bíi 16°C kí omi rẹ̀ tó ya. Àwọn ẹ̀rọ kan á wá tún un mú gbóná padà káwọn èèyàn má baà gbọ̀n. Ẹ sanwó láti mú un tutù, ẹ tún sanwó láti mú un gbóná. Níbi tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà ló ń gbé iṣẹ́ ró tí NEPA bá mú iná lọ, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lo kọ̀ǹpútà láti wá ohun tó rọ̀jú. Ẹ dí ojú fèrèsé títí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé fi dín sí ìdajì: pure water kan di ààbọ̀. Ẹ dán AC kékeré wò dípò ńlá. Kíláàsì èèyàn 40 yẹn ńkọ́? Bóyá fèrèsé gbàràmù-gbaramu lọ́tùn-ún lósì pẹ̀lú fáànù ló yẹ ẹ́, láìsí AC rárá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá na owó sórí yàrá tí kò ṣeé fi tọrẹ: yàrá iṣẹ́ abẹ, yàrá oògùn, ibi tí kọ̀ǹpútà àti ìwé wà.

Tí ẹ bá parí iṣẹ́ yín, ẹ má wo ilà ooru nìkan lórí ṣáàtì. Ẹ ṣí ti ọ̀rinrin náà. Ẹ ka iye wákàtí tó fi kọjá 80% láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹwàá, torí pé níbẹ̀ ni nǹkan dúdú dúdú yẹn ti máa ń rí àyè hù. Ó sàn kó hù lórí kọ̀ǹpútà yín ju kó hù sára ògiri ilé ìwòsàn lọ.